Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Nípa Ọkàn Tó Ń Ṣàárẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kan gbogbo ilé tí dókítà ti sọ fún ẹnì kan pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ṣe yẹ. Ó tún kan ilé tí a kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ìyá àgbà máa ń wú, tí kò sì lè sùn lóru àfi bí a bá fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta gbé orí rẹ̀ sókè.

Ìlú Ẹdẹ kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ìlù. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1946 títí di 1975, jẹ́ ọba tó mọ ìlù lù, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun nítorí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ìlù, ariwo lásán ni yóò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ ni yóò mọ̀ pé òun ni ìlù ń bá wí. Bákan náà ni ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń sanwó àyẹ̀wò, tí wọ́n ń gba ìwé tó kún fún nọ́ńbà, tí wọ́n sì ń ká a sínú àpò láìmọ̀ pé ìwé náà ń kìlọ̀ fún wọn. Ohun tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti túmọ̀ èdè náà, kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ tètè gbé ẹsẹ̀.

EWU KÒ TÁN LỌ́JỌ́ TÍ ALÁÌSÀN PADÀ SÍLÉ

Láàrin oṣù keje ọdún 2007 àti oṣù kẹfà ọdún 2010, àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá 12, ní orílẹ̀-èdè 9 ní ilẹ̀ Áfíríkà, ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbé wọ ilé ìwòsàn nítorí pé ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà. Orúkọ tí wọ́n pe ìwádìí yìí ni THESUS-HF, ọdún 2012 sì ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde.

Ìdajì àwọn aláìsàn náà ló jẹ́ obìnrin. Ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí ọdún 52. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn tó ti lé ní 70 ọdún ni àìsàn yìí sábà máa ń gbé dé ilé ìwòsàn. Níhìn-ín, àwọn tó ṣì ń tajà, tó ṣì ń ṣoko, tó ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, ni ó ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nọ́ńbà méjì yìí. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 4 ló kú nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́fà fi máa pé, àwọn tó ti kú ti tó nǹkan bí 18 nínú 100. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó kú, ó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde ní ilé ìwòsàn, tí ará ilé ti dúpẹ́, tí oníkálukú sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a dá aláìsàn sílẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣọ́ ọ jù lọ, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ilé sì ni olùṣọ́ rẹ̀.

Kí ló ń fa àìsàn náà? Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún iye tó sún mọ́ ìdajì nínú wọn. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 ní ọdún 2009 àti 2010. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin. Dídí tí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn máa ń dí, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, kò tó ẹnì kan nínú 100.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A RÍ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí náà tún wo àkọsílẹ̀ àwọn 1,006 yìí láti mọ ohun tó ya àwọn tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó yè. Wọ́n rí àwọn àmì kan tí a lè fi ojú rí tàbí fi ẹnu béèrè: ẹsẹ̀ wíwú, èémí tó ń há bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, ọkàn tó ń sáré jù, sìgá mímu, àrùn ẹ̀dọ̀fóóró tó le, àti àrùn jẹjẹrẹ. Wọ́n sì rí mẹ́ta tó jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ la ti ń rí wọn.

Èkíní ni urea, èyí tí wọ́n sábà máa ń yẹ̀ wò pọ̀ mọ́ creatinine àti àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Urea àti creatinine jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣẹ́ ara ń mú jáde, tí kíndìnrín sì ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ìtọ̀. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá ti ń kú lọ, ilé tó wà ní òpin páìpù ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Bí agbára ọkàn bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ kíndìnrín yóò dín kù, ìdọ̀tí yóò kó jọ, kíndìnrín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara. Omi yìí ló ń wú ẹsẹ̀, tó sì ń kún inú ẹ̀dọ̀fóóró. Nítorí náà, bí urea bá ga, ó lè jẹ́ pé ọkàn ti rẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ, tàbí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ba kíndìnrín jẹ́, tàbí pé ó yẹ kí a tún ìwọ̀n oògùn kan ṣe. Dókítà ni yóò mọ èyí tó jẹ́.

Èkejì ni àìtó ẹ̀jẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ sí PCV ló ń sọ ọ́: ó ń sọ ìdá mélòó nínú 100 ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ àwọn ohun pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Fún obìnrin tí kò lóyún, bí PCV bá ti wà nísàlẹ̀ 36, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Fún ọkùnrin, bí ó bá wà nísàlẹ̀ 39. Bí alárùù bá kéré lọ́jà, àwọn díẹ̀ tó wà ni yóò máa sáré lọ sáré bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn ṣe ń sáré nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò tó, ọkàn tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ní agbára eré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí èyí sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún alárùn ọkàn. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà: ó lè jẹ́ ibà, aràn, nǹkan oṣù tó ń pọ̀ jù, tàbí kíndìnrín fúnra rẹ̀. Bí a bá sì ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lára, díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó bá yára wọlé lè kún ọkàn náà jù.

Ẹ̀kẹta ni kòkòrò HIV. Àyẹ̀wò rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Oògùn rẹ̀ wà, ẹni tó bá sì mọ̀ pé òun ní i lè gba ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ti ọkàn.

Àwọn àyẹ̀wò mìíràn wà tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń lò. Ọ̀kan ni BNP, pẹ̀lú ìbejì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NT-proBNP. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ní Japan kọ́kọ́ rí BNP nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀, orúkọ ọpọlọ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé ọkàn gan-an ló ń ṣe é jù. Nígbà tí omi àti ẹ̀jẹ̀ bá kún ọkàn tí ògiri rẹ̀ sì nà ju ìwọ̀n lọ, ọkàn á tú u sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni tí ẹrù wúwo fún tó ń ké pe ará ilé. Bí iye rẹ̀ bá ga, ewu ga. Bí ó bá ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú, ìrètí ń pọ̀ sí i. Òmíràn ni troponin, tí ó máa ń jò wọ inú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹran ara ọkàn bá fara pa.

Owó àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí ga, kì í sì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ló ní wọn. Ẹ má ṣe banú jẹ́ bí ẹ kò bá rí wọn ṣe. Urea àti PCV, tí wọ́n wọ́pọ̀, tí owó wọn kò sì tó tiwọn, wà lára àwọn àmì tí ìwádìí àwọn 1,006 aláìsàn yẹn fi ẹsẹ̀ wọn múlẹ̀.

ÀMÌ KÌ Í ṢE ÌDÁJỌ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sá èlùbọ́ mọ èyí dáadáa. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ kì í jókòó kí ẹ máa sunkún pé òjò ti ba èlùbọ́ jẹ́. Ẹ ó dìde, ẹ ó kó o wọlé. Òjò lè rọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ. Ẹni tó kó èlùbọ́ rẹ̀ wọlé kò pàdánù nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe mú àmì inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn olùwádìí fúnra wọn sọ ọ́ pé, bí a tilẹ̀ kó gbogbo àmì wọ̀nyí pọ̀, agbára wọn láti ya ẹni tí yóò kú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò yè kò pọ̀. Àwọn kan wà tí àmì wọn burú tí wọ́n sì yè. Àwọn kan wà tí àmì wọn dára tí àìsàn sì padà lù wọ́n. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo nọ́ńbà kan kí ó sọ pé, "Ó ti tán fún Bàbá." Kí ẹlòmíràn má sì ṣe wo nọ́ńbà tó dára kí ó sọ pé kí a dá oògùn dúró. Iṣẹ́ tí àmì ń jẹ́ ni láti sọ ẹni tó yẹ kí a tètè tún rí, ẹni tó yẹ kí a tún oògùn rẹ̀ ṣe, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ dá nìkan sùn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

"ẸSẸ̀ MI TI FÀ, KÍ NI MO TÚN Ń WÁ LỌ?"

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan tó ń tajà ní Ọjà Tìmì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé, "Màmá, ọ̀sẹ̀ kejì ti pé. Wọ́n ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀." Ìyá náà dáhùn pé, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi tó wú ti fà, mo sì ń sùn dáadáa. Kí ni mo tún ń wá lọ? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi. Ṣé wọ́n fẹ́ fà á tán ni? Owó àyẹ̀wò yẹn, ọjà ni mo fẹ́ fi rà."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Owó ṣòro rí, abẹ́rẹ́ sì ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń gbà fún àyẹ̀wò kì í sábà ju ṣíbí tíì kan tàbí méjì lọ, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà márùn-ún. Ara yóò sì dá èyí tí a gbà padà. Ní ti ẹsẹ̀ tó fà, oògùn tó ń lé omi jáde nínú ara ló mú un fà, kì í ṣe pé ọkàn ti san tán. Oògùn kan náà yìí, àti àwọn oògùn mìíràn tó ń ran ọkàn lọ́wọ́, lè yí iṣẹ́ kíndìnrín àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ padà láìjẹ́ pé aláìsàn mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyí tí a fi ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí a bá bẹ̀rẹ̀ irú oògùn bẹ́ẹ̀ tàbí tí a fi kún un. Owó àyẹ̀wò yìí kò tó owó ibùsùn ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí ọjà tí a lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìyá.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ABOYÚN ÀTI ÌYÁ ỌMỌ TUNTUN

Irú àìlágbára ọkàn kan wà tó máa ń mú obìnrin ní ìparí oyún tàbí láàrin oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìbímọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní àrùn ọkàn rí. Ó wọ́pọ̀ ní òkè ọya, níbi tí àwọn dókítà ní Zaria ti ṣe ìwádìí rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n ó ń mú àwọn obìnrin wa níhìn-ín náà. Ohun tó ń mú un burú ni pé ó jọ wàhálà ìbímọ lásán. Ẹsẹ̀ a wú, ó a rẹ ìyá, èémí a máa há, àwọn àgbà a sì sọ pé, "Bí ọlọ́mọ tuntun ṣe ń rí nìyẹn."

Bí ìyá ọmọ tuntun kò bá lè dùbúlẹ̀ gbalaja nítorí èémí, bí ó bá ń jí lóru láti wá afẹ́fẹ́, bí ikọ́ bá ń ṣe é tí ìwú ẹsẹ̀ sì ń gòkè, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná àti àgbo ṣe é. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Àyẹ̀wò BNP wúlò púpọ̀ níbi tó bá wà, nítorí pé oyún tó lọ dáadáa kì í sábà mú un ga. Bí ó bá ga, ó yẹ kí a yẹ ọkàn wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tí a bá tètè tọ́jú ni ọkàn wọn ń padà bọ̀ sípò. Kí wọ́n tó tún lóyún mìíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ YÓÒ ṢE

1. Kí aláìsàn tó kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì: Báwo ni kíndìnrín ṣe rí nínú àyẹ̀wò? Mélòó ni PCV? Ọjọ́ wo ni a ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò? Kí ni a ó rí tí a ó fi tètè padà wá?

2. Ẹ kó gbogbo ìwé àyẹ̀wò sínú àpò ọ̀rá kan ṣoṣo, èyí tó pẹ́ jù nísàlẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ láti Ẹdẹ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo tàbí Ilé-Ifẹ̀, ẹ gbé e dání. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sọ̀rọ̀ tó bí a bá ṣe fi wé ti tẹ́lẹ̀.

3. Ẹ máa wọn aláìsàn lórí ìwọ̀n ní àràárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti tọ̀, kí ó tó jẹun. Bí ó bá fi kìlógíráàmù méjì wúwo sí i láàrin ọjọ́ mẹ́ta, omi ni. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí ìwọ̀n, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ojú ibẹ̀ ń jìn.

4. Ẹ dín iyọ̀ kù. Kí ti ẹnì kan lóòjọ́ má ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú lọ, àpapọ̀ èyí tó wà nínú ọbẹ̀, nínú Maggi, nínú ẹja oníyọ̀ àti nínú nudù. Káún tí a ń fi se ẹ̀wà tàbí ewédú náà ń mú ohun kan náà tó ń dá omi dúró wọ inú ara.

5. Ẹ má ṣe ra oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí diclofenac fún alárùn ọkàn láìbéèrè. Wọ́n ń pa kíndìnrín lára, wọ́n sì ń dá omi dúró. Bákan náà ni àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ti mu ún, ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà. Kò ní bínú.

6. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Bí owó bá tán, ẹ padà lọ sọ fún wọn kí oògùn tó tán. Bí ìdílé yín bá wà nínú ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ béèrè àyẹ̀wò àti oògùn tí ètò náà ń san owó rẹ̀.

7. Gbogbo àgbàlagbà inú ilé, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín. Nínú 452 tí a sọ̀rọ̀ wọn ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà tí àìsàn gbà wọlé sí ọ̀pọ̀ jù lọ nìyẹn, ó sì ṣeé dí.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí aláìsàn ọkàn bá wà nínú ilé yín, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ òní ṣú kí ẹ tó wá ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ tó kẹ́yìn jáde. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, tàbí tí ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá bá ti kọjá, ẹ mú un lọ́wọ́ lọ́la, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Ìlera loògùn ọrọ̀.